Àdàpọ̀ Oògùn fún Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ àti Ọ̀nà Òróòro: Ara Ta Ni Wọ́n Ti Dán An Wò?

Ní ọdún 2010, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní New England Journal of Medicine gbé èsì ìwádìí kan jáde. ABC-02 ni wọ́n sọ ìwádìí náà. Ènìyàn 410 ló wọ inú rẹ̀, ní ilé ìwòsàn 37 káàkiri Bírítéènì. Jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro, ti àpò òróòro tàbí ti ìtòsí wọn ló ń ṣe gbogbo wọn, àrùn náà sì ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ lè gé kúrò. Wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín wọn: àwọn kan gba gemcitabine nìkan, àwọn yòókù gba gemcitabine pẹ̀lú cisplatin. Nígbà tí wọ́n ṣírò iye ìgbà tí kálukú lò láyé, ìdajì àwọn tó gba ẹyọ oògùn kan ti lọ nígbà tí oṣù 8.1 fi pé. Ní ti àwọn tó gba méjì, oṣù 11.7 ni. Ìyàtọ̀ náà lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tí àrùn yìí kò wọ ilé rẹ̀ rí lè béèrè pé kí ni ìyẹn já mọ́. Àmọ́ láti ìgbà náà ni àdàpọ̀ méjèèjì ti di ìpìlẹ̀ ìtọ́jú àrùn yìí kárí ayé, orí rẹ̀ sì ni àwọn oògùn tuntun tó tẹ̀lé e ti ń gùn.

Ohun tó wù mí jù nínú ABC-02 kì í ṣe iye oṣù náà. Oògùn méjèèjì kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti wà lórí àtẹ tipẹ́, àwọn dókítà sì ti ń fi wọ́n wo jẹjẹrẹ mìíràn. Kékeré ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ABC-01 ló kọ́kọ́ wáyé, ènìyàn 86 péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àmì rẹ̀ dára, wọn kò da ti ìṣáájú nù kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè: wọ́n kó ènìyàn 324 kún un, ó di ńlá. Ẹgbẹ́ aláàánú Cancer Research UK wà lára àwọn tó náwó sí i. Ohun tí mo fẹ́ jà fún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí Èkó gbé kalẹ̀ fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tó ti ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tiwa wá, dípò kí á máa retí èsì ìdánwò tí wọn kò ṣe lára wa.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ gan-an, èyí tó hù láti inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, ló ń pa èèyàn wa jù, ìtàn oògùn rẹ̀ sì kọ́ni ní nǹkan kan nípa àdàpọ̀. Títí di ọdún 2008, kò sí oògùn kankan tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń fi ọjọ́ kún ayé ẹni tí àrùn yìí ti ràn lára rẹ̀. Ọdún náà ni ìwádìí SHARP fi hàn pé sorafenib, oògùn tí wọ́n ń gbé mì, mú kí oṣù 7.9 di 10.7. Kíá ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kún un. Wọ́n fi erlotinib kún un, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n fi doxorubicin kún un nínú ìwádìí CALGB 80802, nítorí ìwádìí kékeré kan ti kọ́kọ́ fúnni ní ìrètí. Èsì ńlá jáde, àwọn tó gba méjì lo oṣù 9.3, àwọn tó gba sorafenib nìkan lo 9.4. Ìyà doxorubicin nìkan ni wọ́n fi kún ìyà àrùn. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé lọ́dọ̀ wa, bí oògùn bá ti pọ̀ nínú ọ̀rá tí dókítà fúnni, a gbà pé ìtọ́jú náà ti kúnnákúnná nìyẹn.

Ọdún 2020 ni ìgbà yí padà. Ìwádìí IMbrave150 kó ènìyàn 501 jọ, wọ́n fi àdàpọ̀ atezolizumab àti bevacizumab dojú kọ sorafenib. Oògùn àkọ́kọ́ ń ṣí ìjánu tí jẹjẹrẹ fi há ọmọ-ogun ara lẹ́nu. Èkejì ń dí ọ̀nà tí kókó náà ń gbà hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun fún ara rẹ̀. Àdàpọ̀ náà mú kí ìdajì àwọn aláìsàn dé oṣù 19.2, nígbà tí ti sorafenib jẹ́ 13.4. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni HIMALAYA jáde, ènìyàn 1,171, tremelimumab ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú durvalumab: oṣù 16.4 sí 13.8 ti sorafenib. Ní ti ọ̀nà òróòro, TOPAZ-1 fi durvalumab kún gemcitabine àti cisplatin ti ABC-02. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ, àmọ́ nígbà tí ọdún méjì pé, nǹkan bí ìdámẹ́rin àwọn tó gba mẹ́ta ṣì wà láàyè, nígbà tí àwọn tó gba méjì kù sí ìdámẹ́wàá. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá wo iye àárín nìkan kò tíì ka èsì.

Ta ni wọ́n jẹ́ kí ó wọlé sínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí? Kí á tó gba ènìyàn sí IMbrave150, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lágbára, ìyẹn ìpele A nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Child-Pugh. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tí omi ti kún ikùn rẹ̀, kò lè wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti wò ó bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti wú, nítorí bevacizumab lè jẹ́ kí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà. Bí ó bá ní kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B), oògùn gbọ́dọ̀ ti tẹ kòkòrò náà rì. Ìlànà wọ̀nyí bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ dákẹ́ lè kú kí oògùn tó ṣiṣẹ́, a kò sì ní mọ ohun tó pa á. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń wọ ilé ìwòsàn tiwa.

Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Áfíríkà tẹ èsì jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n ya Íjíbítì sọ́tọ̀, wọ́n sì kó orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yòókù pọ̀: aláìsàn 1,251 láti Íjíbítì, 1,315 láti àwọn yòókù. Ọjọ́ orí ìdajì àwọn ará Íjíbítì ti lé ní 58. Lọ́dọ̀ tiwa, 46 ni. Ní Íjíbítì, 76 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ló rí ìtọ́jú kan tó dojú kọ jẹjẹrẹ náà gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni. Íjíbítì lo oṣù 10.9, àwa lo oṣù méjì ààbọ̀.

Oṣù méjì ààbọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ orúkọ àrùn náà. Ẹni tí àgbà kò tíì dé sí, tó ṣì ń sanwó ilé ìwé ọmọ. Ìdí tí iye yìí fi kéré kì í ṣe pé jẹjẹrẹ tiwa burú ju ti ẹlòmíràn lọ nìkan. Pípẹ́ tí a ń pẹ́ kí á tó dé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè rí bí a ṣe ń pẹ́ tó Garéèjì Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ kan níbẹ̀, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tí ó ń na Kétu àti Ọjọ́ta lójoojúmọ́. Ó ń rù, ìhà rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, oúnjẹ kékeré ló ń yó o. Ìyá alágbo tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń tò ní àwọn ìgò tó dúró ní ìlà-ìlà: ti ibà, ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, àti ìgò kan tó ní ògógóró nínú tí kò ní fi hàn ẹni tí kò mọ̀. Ó wo ojú awakọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ibà pọ́njú ló ń ṣe ọ́ yìí o,” ó sì bu ife kan fún un nínú èyí tó fi èèpo máńgòrò, ewé dóńgóyárò àti omi ògì sè. Láti ibẹ̀ ó di kẹ́míìsì, oògùn ibà àti àpò fítámì. Lẹ́yìn náà ó di ilé àdúrà. Nígbà tí ikùn bá wú ni yóò tó dé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìkòròdú, kí wọ́n tó kọ ìwé fún un láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ìpele A ti kọjá lọ nígbà náà. Èmi kò rí ẹ̀bi kan dì ru ìyá alágbo, nítorí òun nìkan ló wo ojú ọkùnrin náà láàárọ̀, tí ó béèrè bó ṣe sùn.

Ọ̀ràn ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Nínú ìlànà ABC-02, ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹjọ nínú ọjọ́ 21 ni wọ́n ń gba oògùn, ìyípo mẹ́jọ: ìrìn àjò mẹ́rìndínlógún lọ sí ilé ìwòsàn. Omi púpọ̀ gbọ́dọ̀ wọ ara pẹ̀lú cisplatin kí kíndìnrín má baà bàjẹ́, nítorí náà ìdajì ọjọ́ ti lọ lórí àga. Ẹni tó ti Ẹ̀pẹ́ wá yóò gba Ìtòìkín dé Ìkòròdú, yóò wọ BRT dé Fàdéyí, yóò tún wọ òmíràn, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa dì í mú. Àdàpọ̀ atezolizumab àti bevacizumab kò nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta lọ, àmọ́ iye owó rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ lágbo àwọn tí wọ́n ń sanwó ìtọ́jú láti àpò ara wọn. Kò sí àtẹ èsì kan nínú àwọn ìwádìí ńlá tó ní ojú ìlà fún owó ọkọ̀. Ní ojú tèmi, owó ọkọ̀ wà lára ohun tí àdàpọ̀ kan ń ṣe sí ènìyàn, bí èébì àti irun jíjá ti wà lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ni a tún fẹ́ dán wò, ṣé ara dúdú àti ara funfun kì í ṣe ara kan náà ni? Ara kan náà ni, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í ti ìdí kan náà hù. Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ló wà nídìí èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn aláìsàn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2018 fi hàn pé mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló gbé kòkòrò náà lára. Ẹ̀yà E kòkòrò náà ló gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà; ẹ̀yà B àti C ló gbilẹ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Éṣíà sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí a ní lórí àwọn àdàpọ̀ tuntun yìí àti kòkòrò B ti wá. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu tún wà níbẹ̀. Olóró aflatoxin tó wà nínú wọn ń ba apilẹ̀ ara kan tó yẹ kó máa dáàbò bo ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń gbé kòkòrò B lẹ́yìn. Ìlú Ìbàdàn yìí náà ni ilé iṣẹ́ IITA ti ṣe Aflasafe tí wọ́n ń fọ́n sí oko láti lé olóró náà. Ní ọdún 2021, ìwádìí kan nínú ìwé Nature ta àwọn onímọ̀ jí: ó dà bíi pé oògùn tó ń tú ọmọ-ogun ara sílẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bákan náà lára ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá bàjẹ́ àti èyí tí kòkòrò bàjẹ́. Bí ìdí àrùn bá lè yí iṣẹ́ oògùn padà, ẹni tó ní kòkòrò ẹ̀yà E pẹ̀lú aflatoxin ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí èsì tirẹ̀ wà.

Ọ̀nà òróòro náà ní irú ìtàn yìí. Àríwá ìlà-oòrùn Thailand ni àrùn yìí ti ń jà jù láyé, nítorí aràn kan tó ń gbé inú ẹja odò, àwọn ará ibẹ̀ sì ń jẹ ẹja náà ní tútù. Ẹja pọ̀ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ju bí ẹnu ti lè sọ lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹ ní tútù? A ń dín in, a ń yan án, a ń fi ata sè é. Lọ́dọ̀ wa, ìyọnu ọ̀nà òróòro tó ti dí ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá kékeré bọ̀ ọ́ kí òróòro lè máa ṣàn kí gemcitabine tó lè wọ ara láìséwu, ilé ìwòsàn tó sì lè ṣe ìyẹn kò pọ̀.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn dókítà ìlera ìlú ń sọ pé gbogbo kọ́bọ̀ tí a bá fẹ́ ná lórí ìdánwò oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí á fi ra. Òótọ́ ni pé àjẹsára ni òpin ìjà yìí. Gáńbíà ti mọ èyí láti ọdún 1986, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí àwọn ìkókó, pẹ̀lú àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, láti mọ̀ bóyá àjẹsára yóò dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Ẹni tó bá ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò lè ṣe ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò mọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ọdún 2004 ni àjẹsára kòkòrò B wọ ètò ìjọba Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2003 yóò di ẹni ọdún 46 ní 2049. Gbogbo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ní Garéèjì lónìí tí irùngbọ̀n wọn ti kún ni wọ́n bí ṣáájú àjẹsára. Àwọn ni yóò máa wá sí ilé ìwòsàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ń bọ̀, ohun tí a bá sì mọ̀ nípa oògùn ni a óò fi gbà wọ́n.

Irú ìdánwò wo, nígbà náà? Mumbai ti fi ọ̀nà kan hàn. Ní ilé ìwòsàn Tata Memorial, wọn kò lówó láti ra nivolumab ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ, wọ́n sì béèrè ìbéèrè tí ilé iṣẹ́ kankan kò ní béèrè: bí a bá lo díẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi mílígíráàmù 20 lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta kún oògùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, nígbà tí ìwọ̀n tí ayé mọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn lọ. Ènìyàn 151 ni. Nígbà tí ọdún kan pé, 16.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù láàyè nínú àwọn tí kò gbà á, 43.4 nínú àwọn tó gbà á. Ọdún 2022 ni èsì náà jáde. Jẹjẹrẹ mìíràn ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìdánwò.

Ohun tí mo fojú sọ́nà fún ní Èkó kò ju ABC-01 lọ ní títóbi. Gbogbo ẹni tó bá ní kòkòrò B yóò gba tenofovir, oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ń tẹ kòkòrò náà rì, tó sì lè jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ mí díẹ̀. (Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó ní HIV ń gba tenofovir lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oògùn rẹ̀, ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B nìkan ló ń fi owó ara rẹ̀ rà á.) Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣẹ́ kèké: apá kan gba tenofovir pẹ̀lú ìtọ́jú tó ń dín ìrora kù, apá kejì gba ìyẹn pẹ̀lú oògùn ọmọ-ogun ara ní ìwọ̀n kékeré. Kí ilẹ̀kùn ṣí fún ìpele A, kí ó sì ṣí fún àwọn ìpele B kan pẹ̀lú ìṣọ́ra. Kí wọ́n kọ gbogbo àgbo tí aláìsàn ń mu sílẹ̀ láìbínú sí i, nítorí ẹni tí wọ́n bá bínú sí yóò máa mu ún níkọ̀kọ̀. Agbára irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa: àwọn ilé ìwòsàn ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti ṣe ìdánwò ARETTA lórí jẹjẹrẹ ọmú, trastuzumab tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ pẹ̀lú docetaxel.

Ìfọwọ́sí ni yóò nira jù. Kò sí ẹni tó gbàgbé Kano ní 1996, nígbà tí wọ́n dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, tí ẹjọ́ lórí bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ìṣòro tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ àgbà ló máa ń fa dókítà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí yóò ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá o, ọkàn wọn ò ní gbà á.” Ẹni tí kò mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe òun kò lè fọwọ́ sí ìdánwò jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti aláìsàn nìkan, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹbí nìkan. Ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kó gbà, kí wọ́n lè padà sílé lọ sọ ọ́.

Ìkéde Helsinki ní kí ètò fún ẹ̀yìn ìdánwò wà nílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ayé lásán. A kì í ṣàdédé dá tenofovir dúró: kòkòrò lè ru padà, kí ẹ̀dọ̀ tó ti ń gbádùn sì bàjẹ́ láàárín oṣù mélòó kan. Nínú ìwé ètò ìdánwò náà, kí orúkọ aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀, ó yẹ kí ìlà kan wà tó sọ ẹni tí yóò máa ra tenofovir láti ọjọ́ tí ìdánwò bá parí, ì báà jẹ́ ètò Ìlera Èkó, ì báà jẹ́ ẹni tó náwó sí ìwádìí. Bí ìlà náà bá ṣófo, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń fi ṣèwádìí dá ìwé náà padà.